Ṣé ó yẹ ká fi Venice sílẹ̀ lọ wo ilé inú oko?

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ kú ilé o. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, èmi àti ìyàwó mi, ìyá mi náà sì wà lọ́dọ̀ wa láti Òṣogbo. A ti sanwó ọjọ́ mẹ́fà sí Venice fún oṣù karùn-ún. Ìyàwó mi wá rí àwòrán ilé kan tí òpó wà ní ojú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní dandan ni ká débẹ̀, ká tún wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì inú abúlé. Èmi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wò nínú ilé olówó tó ti kú láti ìgbà láéláé. Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń náwó sí? Ṣé a máa yá mọ́tò ni, àbí rélùwéè ń débẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ítálì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ìtòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ màlúù ní àdúgbò Arzignano ni mo ti ń jẹun, ó sì ti di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àwọn ilé yìí lọ́jọ́ Sátidé tí wọn ò bá pè mí síṣẹ́. Òórùn awọ ni mo kọ́kọ́ ń sá fún o, kì í ṣe pé mo mọ nǹkan kan nípa ilé àtijọ́.

Ilé tí ìyàwó yín rí, La Rotonda ni. Ẹ̀yìn ìgboro Vicenza ló wà, lórí òkè kékeré kan. Fadá kan tó ti bá àwọn Póòpù ṣiṣẹ́ ní Róòmù, Paolo Almerico, ló fẹ̀yìn tì wálé tó ní kí Andrea Palladio kọ́ ọ fún òun, ní nǹkan bí ọdún 1567. Ọmọ Padova ni Palladio, iṣẹ́ agbẹ́kùúta ló kọ́kọ́ kọ́. Ó kú ní 1580 láìrí òpin iṣẹ́ náà, Vincenzo Scamozzi ló bá a parí rẹ̀. Òpó mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn gígùn níwájú gbogbo wọn. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.

Ohun tí mo ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí ni pé wọ́n á wo Rotonda, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ti rí villa, ìyẹn ilé oko àwọn ọlọ́lá. Wọn ò tíì rí i. Nínú ìwé tí Palladio fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1570, kò to Rotonda mọ́ àwọn ilé oko. Àárín àwọn ilé ìgboro ló fi í sí, ó ní torí ó sún mọ́ ìlú ni. Ilé fàájì ni. Àwọn yòókù ni iṣẹ́ wà níbẹ̀: àká ọkà lókè àjà, ilé ìdáná àti yàrá wáìnì nísàlẹ̀, ilé gígùn lápá ọ̀tún àti apá òsì fún ẹran àti irinṣẹ́, ilé ẹyẹlé ní ìkangun. Abà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Abà tí wọ́n fi òpó sí níwájú.

Ojú omi ni Venice ti ń rówó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn Potogí rí ọ̀nà òkun dé Íńdíà ní 1498, tí ogun sì tún jà lórí ilẹ̀ wọn láti 1509, àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó owó sínú ilẹ̀. Wọ́n la kòtò fa omi kúrò nínú àbàtà, wọ́n gbin ọkà. Ẹni tó nilé ní Venice gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa sùn nígbà ìkórè, kí wọ́n má bàa jí ọkà rẹ̀ gbé. Ohun tó bí àwọn ilé yìí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí àgbàlagbà Ìbàdàn ṣe ń lọ abà rẹ̀ lásìkò kòkó, kò yẹ kí ilé yìí rú u lójú.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì tó wọlé látàná. Bí mẹ́ta ló ń sọ pé ìnáwó òfo ni, pé ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kó wọ ọkọ̀ lọ sí Chiswick House, pé ilé kan náà ni.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lord Burlington lọ sí Ítálì lọ wo iṣẹ́ Palladio, ó padà wálé, ó kọ́ Chiswick, ó parí rẹ̀ ní 1729. Rotonda ló ń wò nígbà tó ń yà á. Bí ẹsẹ̀ ìyá bá ń dùn wọ́n, tí owó ò sì sí, Chiswick dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìkan náà. Òpó tẹ́ ẹ máa rí ní Vicenza, bíríkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n fi nǹkan funfun dán an títí ó fi jọ òkúta. Ẹ lọ dúró níwájú Loggia del Capitaniato láàárín ìgboro Vicenza, ẹ óò rí bíríkì pupa náà kedere lára àwọn òpó ńlá, bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò bí ẹni to àkàrà. Mo fọwọ́ kan án. Ọkùnrin yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó kékeré kọ́ ilé ńlá. Birikílà ni mí kí n tó kúrò nílé, òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó kọ̀wé láti Manchester pé "yàrá òfìfo lásán ni gbogbo rẹ̀", àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ lọ? Torí mo mọ àwọn tí òótọ́ bá wọn mu. Ní ibòmíì, ẹ máa sanwó, ẹ máa rí àga mẹ́rin àti ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ilé tó wà ní ìlú kékeré Maser.

* * *

Maser. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí.

Villa Barbaro ni wọ́n ń pè é. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ló kọ́ ọ, Daniele àti Marcantonio Barbaro, Palladio ló yà á, Paolo Veronese sì ya àwòrán sára ògiri inú rẹ̀ ní nǹkan bí 1560 sí 1561. Bẹ́ ẹ bá wọlé, wọ́n máa fún yín ní sálúbàtà rírọ̀ ńlá kan, ẹ máa kì í sórí bàtà tẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ má bàa ba ilẹ̀ jẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ń nu ilé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi.

Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin ọlọ́lá kan àti àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ, wọ́n fara ti bákónì, ayékòótọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ògiri ni o. Ìyàwó Marcantonio lobìnrin náà. Ní yàrá míì, ọmọbìnrin kékeré kan ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀, ó ń yọjú wò yín. Kò sí ìlẹ̀kùn níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì wojú sílẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí sálúbàtà méjì àti búrọ́ọ̀ṣì kan létí ògiri, bíi pé òṣìṣẹ́ kan gbàgbé wọn. Àwòrán ni. Èmi tí mo wọ sálúbàtà wọn dúró, mò ń wo sálúbàtà tí Veronese yà. Mi ò kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dé. Omi kan ń sun látinú òkè níbẹ̀. Palladio kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí omi náà ṣe ń lọ: ó kọ́kọ́ dúró nínú adágún kékeré tó wà fún ẹja, ó gba ilé ìdáná kọjá, ó bomi rin ọgbà lọ́tùn-ún lósì, ó já sí etí títì níbi tí ẹran ti lè mu ún, ó wá parí sínú ọgbà eléso. Omi kan ṣoṣo, iṣẹ́ márùn-ún. Wọ́n ṣì ń ṣe wáìnì nínú oko náà títí dòní.

* * *

Ọ̀rọ̀ mọ́tò. Mo rí i pé ó ti fẹ́ di ìjà.

Àwọn kan ní láìsí mọ́tò kò sí villa. Àwọn kan ní ẹni tó bá yá mọ́tò ní Ítálì, ó fowó ra ìyọnu. Méjèèjì gba ibì kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó dájọ́.

Ọdún kejì tí mo dé, àwọn ẹbí mi wá kí mi, mo yá mọ́tò fún ọjọ́ méjì. A wọ ìlú àtijọ́ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo rí pátákó tí iná ń tàn lórí rẹ̀: VARCO ATTIVO. Mo mọ̀ pé "varco" ni ẹnu ọ̀nà, mo sì rò pé "attivo" ni pé ó ṣí. Mo wakọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àṣé ohun tó ń sọ ni pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, pé ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Mo gbabẹ̀ wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan náà, torí mò ń wá ibi tí màá gúnlẹ̀ sí. Ìtanràn mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ tó yá mi ní mọ́tò tún kọ́kọ́ yọ owó tiwọn, pé àwọn bá ìjọba wá orúkọ mi. Owó yẹn nìkan tó jẹun ọ̀sẹ̀ kan.

ZTL ni wọ́n ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Àmì róbótó funfun tí òbìrìkítí pupa yí ká ni ẹ máa rí. Ẹni tó ń gbé òkè òkun, wọ́n ní ọjọ́ 360 láti fi ìwé ìtanràn ránṣẹ́ sí i, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ torí oṣù mẹ́fà ti kọjá. Bó bá dé, ẹ san án láàárín ọjọ́ márùn-ún, wọ́n á dín in kù.

Ìmọ̀ràn mi wà láàárín àwọn méjèèjì: ẹ yá mọ́tò fún ọjọ́ kan péré, ìyẹn ọjọ́ Maser. Ẹ má yá a nínú Venice, omi ló yí ibẹ̀ ká. Ẹ wọ rélùwéè dé Treviso tàbí Mestre, kẹ́ ẹ gbà á níbẹ̀. Ẹ sọ látilẹ̀ pé ọtọmátíìkì lẹ fẹ́ bí ẹ kò bá mọ jíà yí, torí jíà ló pọ̀ níbí. Láísẹ́ńsì Lọ́ńdọ̀nù tó ní fọ́tò tó. Ẹni tó bá mú ti Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwakọ̀ káríayé mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọn kì í béèrè.

Vicenza kò nílò mọ́tò rárá. Rélùwéè ń ti Venice débẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí kan, bọ́ọ̀sì wà láti ìdíkọ̀, ẹni tó bá sì lẹ́sẹ̀ á fẹsẹ̀ rìn dé Rotonda. Etí odò Brenta náà kò nílò mọ́tò. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ láàárín Venice àti Padova ń dúró ní Mira àti Stra. Kìkì pé lọ́jọ́ Sunday, bọ́ọ̀sì inú abúlé dà bí òṣùpá, ẹ lè dúró títí kó má yọ.

* * *

Ìdáhùn kékeré fún ẹni tó béèrè nípa físà: bẹ́ẹ̀ ni. Gbígbé ní Lọ́ńdọ̀nù kò fún ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà láyè láti wọ Ítálì. Ẹ gba físà Schengen, kí ti ìyá náà sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ó kan àwọn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí láti kékeré, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń fojú àlejò sọ ọ́. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni àkókò. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé máa ń tì ní ọ̀sán, láti nǹkan bí agogo méjìlá sí agogo mẹ́ta, nígbà míì ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jáde nílé ní agogo mọ́kànlá, ìlẹ̀kùn lẹ máa bá. Bí Mísà bá sì ń lọ lọ́wọ́, ẹ jókòó tàbí kẹ́ ẹ dúró síta. Ẹ má máa rìn káàkiri pẹ̀lú fóònù. Ẹ bo èjìká, ẹ bo orúnkún. Ìyá ò níṣòro, ìró àti bùbá ti parí ọ̀rọ̀.

Ẹ kó owó wẹ́wẹ́ dání. Òkùnkùn ló máa ń wà níwájú ọ̀pọ̀ àwòrán, àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ yúrò kan tàbí ààbọ̀ sí i, iná á tàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀, pàá, ó kú. Àwọn ọlọ́gbọ́n máa ń dúró de kí ẹlòmíì sọ tiẹ̀ sí i. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ gun Monte Berico ní Vicenza. Wọ́n ní Màríà Wúńdíá fara han obìnrin kan níbẹ̀ ní 1426 àti 1428 nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Ọ̀nà tó ní òrùlé, tó ní àtẹ̀gùn, ló gòkè lọ, àádọ́jọ ẹnu ọ̀nà rìbìtì ló wà lára rẹ̀. Ẹ má dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ẹ béèrè yàrá tí àwọn fadá ti ń jẹun nígbà kan. Àwòrán ńlá kan tí Veronese yà ní 1572 wà níbẹ̀, Póòpù Gregory ń bá àwọn tálákà jẹun. Ní oṣù kẹfà 1848, lẹ́yìn ìjà fún Vicenza, àwọn sójà Austria ya á sí ọ̀nà 32. Wọ́n ti rán an pọ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró ní ẹ̀gbẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá ń gba ojú rẹ̀ kọjá, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Iṣẹ́ awọ ni mò ń ṣe, ojú mi yá sí ojú rírán.

Ẹnìkan béèrè bóyá wọn ò ní máa wo èèyàn dúdú bí ohun àjèjì nínú abúlé. Wọ́n máa wò. Ẹ tètè kí wọn, "buongiorno", kí wọ́n tó kí yín. Àwọn àgbà ibẹ̀ ka ìkíni sí bíi tiwa, ẹni tó bá wọlé láì kí èèyàn ni wọ́n ń fura sí. Lọ́jọ́ kan, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan nítòsí àwọn òkè Colli Berici láti sinmi, fadá tó jáde sí mi, Ìgbò ni! Ìjọ mẹ́ta ló ń bójú tó, ó ń fi mọ́tò kékeré sáré láti Mísà kan dé òmíràn, torí ọmọ Ítálì tó ń ṣe fadá ti dín kù. Òun ló ṣí yàrá ìmúra fún mi, tó fi àwọn aṣọ àlùfáà àtijọ́ hàn mí. Gẹ̀ẹ́sì wa méjèèjì ti dàpọ̀ mọ́ ti Ítálì tán.

* * *

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ villa la wà o, àmọ́ ó kan villa. Ní Fanzolo, Villa Emo wà níbẹ̀, iṣẹ́ Palladio náà ni. Ìdílé Emo wà lára àwọn tó gbin àgbàdo sóko wọn nígbà tí àgbàdo ṣì jẹ́ àjèjì. Àgbàdo yẹn ló di polenta, oúnjẹ tí àgbẹ̀ Veneto, agbègbè tí Venice wà yìí, jẹ títí. Ẹni tó bá mọ tùwó àgbàdo kò ní béèrè ohun tí polenta jẹ́. Ìyá mi jẹ ẹ́ nígbà tó wá, ó ní wọn ò rò ó dáadáa.

Ohun kan kí n tó gbàgbé: bẹ́ ẹ bá jókòó nílé oúnjẹ, "coperto" tẹ́ ẹ máa rí lórí ìwé owó kì í ṣe jìbìtì, owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni. Ẹ sì kó oògùn ẹ̀fọn dání. Etí Brenta, àbàtà àtijọ́ ṣáà ni.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ti padà wá, wọ́n ní wọ́n ti ń gbà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n sọ ọjọ́ mélòó, àti pé orúnkún ìyá kò fẹ́ àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ má sì wo ju ilé méjì lọ lójúmọ́. Ẹni tó bá wo márùn-ún lọ́jọ́ kan, òpó nìkan ni yóò rántí.

Ọjọ́ Vicenza: inú Rotonda kì í ṣí lójoojúmọ́, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i lórí ìkànnì wọn kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ohun tó ń ba àlejò jẹ́ jù nìyí. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ gba ọ̀nà olókùúta kékeré lọ sí Villa Valmarana ai Nani, kò jìnnà. Aràrá òkúta 17 wà lórí odi rẹ̀. Inú rẹ̀, Tiepolo bàbá àti ọmọ ló ya ògiri ní 1757. Bàbá ya àwọn akọni inú ìtàn Gíríìkì àti Róòmù. Ọmọ, nínú ilé àlejò, ya àwọn àgbẹ̀ tó jókòó ń jẹun. Ti ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìyá wò.

Ọjọ́ Stra: Villa Pisani. Aafin ni èyí, kì í ṣe abà, yàrá 114. Wọ́n ní torí pé Alvise Pisani ni Doge, olórí Venice, kẹrinléláàádọ́fà ni. Napoleon rà á ní 1807. Hitler àti Mussolini pàdé níbẹ̀ ní oṣù kẹfà 1934. Ti ìjọba ni, nítorí náà Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni. Monday, ó máa ń tì. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ọgbà ewé tí wọ́n ń sọnù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò kó ọmọ dání, ẹ fò ó.

Ọjọ́ mọ́tò: Maser láàárọ̀, Villa Emo lọ́sàn-án. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, Possagno kò jìnnà sí Maser. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Canova agbẹ́kùúta ní 1757, ilé tí wọ́n kó àwọn ère ẹfun rẹ̀ sí ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti orúnkún: Rotonda, àtẹ̀gùn ni lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ìyá jókòó sínú ọgbà. Ṣùgbọ́n Villa Emo kò ní àtẹ̀gùn níwájú. Òkúta fífẹ̀ ni wọ́n tẹ́, ó rọra gòkè bí ẹ̀yìn màlúù, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n tún ti ń pa ọkà. Ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, gun un débi òpó láì di ẹnikẹ́ni mú, ó yí padà, ó wo ọ̀nà gígùn tó tọ́ lọ tààrà láàárín igi títí ojú kò fi ká a mọ́, ó bi mí pé ta ló ń ro gbogbo oko yìí.